Òógùn Abẹ́ Ìyẹ́ Adìẹ

Àǹtí Kékeré ni gbogbo ilé-ìwé ń pè é, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kéré lára obìnrin náà. Ó ga, ó sì sanra. Kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ló ti ń kọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, orúkọ kíláàsì náà ló sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àwọn tó kọ́ ní ọmọ ọdún márùn-ún ti di bàbá ọmọ báyìí. Bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lójú títì, wọn a pariwo, "Àǹtí Kékeré, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o!" Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ á máa wá ẹni kékeré tí wọ́n ń kí kiri.

Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù ni ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti ẹyẹ. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí àwọn ọmọ bá ti ti ibi eré wọlé, á tú àwòrán kan sílẹ̀ nínú àwọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, á fi pín-ìn-nì kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ pátákó. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Ibo ló ń gbé? Kí ló ń jẹ? Báwo ló ṣe ń rìn? Kí ló bo ara rẹ̀?

"Kí ló bo ara ajá?"

"Irun!"

"Kí ló bo ara ẹja?"

"Ìpẹ́!"

"Kí ló bo ara ẹyẹ?"

Ibí yìí ni kíláàsì máa ń pín sí méjì. Àwọn kan á ní ìyẹ́, àwọn kan á ní ìpẹ́, Àǹtí Kékeré á sì fọwọ́ di etí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìpẹ́ ló bo ara ẹyẹ, inú odò ni kẹ́ ẹ ti lọ wá ẹyẹ tiyín." Kò sì gbà kí wọ́n da igbe ẹranko pọ̀ mọ́ra wọn. Ajá ń gbó, àkùkọ ń kọ, ẹṣin ń yán, kìnnìún ń bú ramúramù. Ọmọ tó bá ṣèèṣì sọ pé àkùkọ ń gbó, gbogbo kíláàsì ni yóò gbó mọ́ ọn kó tó jókòó.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ máa ń dúró dè ni èyí tó kẹ́yìn, tó ń pè ní "ohun ìyanu." Ẹranko kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, inú òwe ni Àǹtí Kékeré sì ti ń kó o. Alákàn: ojú ló fi ń ṣọ́ orí rẹ̀. Ìgbín: bó bá ń fà, ìkarahun rẹ̀ á máa tẹ̀lé e. Àgùntàn: bó bá bá ajá rìn, á jẹ ìgbẹ́. Ẹ ò lè mọ bí inú ọmọ ọdún márùn-ún ṣe ń dùn tó bí tíṣà fúnra rẹ̀ bá dárúkọ ìgbẹ́ nínú kíláàsì. Wọ́n á gbé e délé, wọ́n á gbé e dé orí tábìlì oúnjẹ, àwọn òbí á sì máa fi orúkọ Àǹtí Kékeré ṣẹ̀rín.

Nígbà tó ku ọdún méjì kí ó fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ilé-ìwé pè é sínú ọ́fíìsì. Obìnrin ni ọ̀gá yìí, kò tó o lọ́jọ́ orí. Ó ní, "Àǹtí, gbogbo ohun tó wà lórí yín yìí, ṣé ẹ fẹ́ kó o lọ ilé ni? Ẹ kọ ọ́ síwèé. Ilé-ìwé á tẹ̀ ẹ́." Gbogbo ìsinmi ọdún ìyẹn ni Àǹtí Kékeré fi jókòó ti tábìlì. Ọgbọ̀n ojú ìwé ló kọ, ẹranko kan tàbí ẹyẹ kan lójú kọ̀ọ̀kan, tàwòrán tohun ìyanu. Atẹ̀wé tò ó, ó sì dá ẹ̀dà kan padà fún un kó yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà ìkẹyìn. Orúkọ rẹ̀ wà níwájú ìwé náà gàdàgbà. Àràárọ̀ ló ń wò ó kó tó wẹ̀.

Ẹ má bá a wí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń kọ nǹkan sára pátákó, tí wọ́n sì ń nù ún kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó fẹ́ kí nǹkan kan wà tí dọ́sítà ò ní lè nù.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀ràn dé. Adìẹ ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ti ka ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti sọ ohun tó ń jẹ, wọ́n ti ké bí àgbébọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin, ó wá ku ohun ìyanu.

"Adìẹ máa ń làágùn," Àǹtí Kékeré fohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń sọ àṣírí, "ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀."

"Kì í làágùn, mà."

Ọmọ ọlọ́sìn adìẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé wọn, òun ló sì máa ń bá a kó ẹyin láàárọ̀ kó tó wá sílé-ìwé. Ọmọbìnrin tín-ín-rín ni, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ìbéèrè kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Kí ló dé tí abo ewúrẹ́ náà fi ní irùngbọ̀n? Níbo ni orí ekòló wà? Ṣé ẹja mọ̀ pé inú omi lòun wà? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni Àǹtí Kékeré ti ń sọ fún àwọn tíṣà yòókù pé ọmọ yìí á fi ìbéèrè pa òun, ẹ̀rín ló sì fi ń sọ ọ́.

"Ta ló sọ fún ẹ pé kì í làágùn?"

"Èmi ni, mà. Mo ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀. Ó gbẹ."

"Òwe àwọn àgbà lèyí o. Ṣé o ti dàgbà ju òwe lọ ni?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Àǹtí Kékeré ní kí gbogbo wọn pe òwe náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì pè é. Ọmọ ọlọ́sìn nìkan ló pa ẹnu dé.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Kì í ṣe òótọ́, mà."

Bóyá ká ní kì í ṣe pé ojú ìwé kọkànlá ìwé náà, tí adìẹ wà, ni Àǹtí Kékeré ń yẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ì bá rẹ́rìn-ín kó sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú bí i. Ó ní, "Dìde. Lọ dúró ní igun yẹn, kọjú sí ògiri, títí wàá fi rántí bí adìẹ ṣe ń làágùn." Ọmọ náà lọ. Àwọn yòókù ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, "Adìẹ gbígbẹ! Adìẹ gbígbẹ!" Nígbà tí aago lù, ó bọ́ síwájú, ó wolẹ̀, ó ní, "Adìẹ máa ń làágùn, mà." Àǹtí Kékeré fọwọ́ pa á lórí, ó ní ọmọ dáadáa ni.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè tán. Ní ọjọ́ kìíní, ara tu Àǹtí Kékeré. Ní ọjọ́ kejì, ó rò pé ara ọmọ náà ò yá. Ní ọjọ́ kẹta, ẹyẹ kan já wọ inú kíláàsì láti ojú fèrèsé tí nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ya, ó ń fò kiri, ó ń forí sọ àjà. Gbogbo ọmọ gun àga, wọ́n ń hó yèè. Ọmọ ọlọ́sìn kò gbé orí sókè kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ba Àǹtí Kékeré lẹ́rù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mìíràn dé. Ó fẹ́ fi ìbéèrè tó rọrùn fa ọmọ náà jáde. Ó tún gbé àwòrán adìẹ kọ́, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Ìwọ tó o mọ adìẹ jù wá lọ, ẹsẹ̀ mélòó ni adìẹ ní?"

Ọmọ náà dìde. Kò wo àwòrán. Ojú Àǹtí Kékeré ló ń wò, ó tẹjú mọ́ ọn dáadáa.

"Mélòó lẹ fẹ́ kó ní, mà?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi wo ojú ọmọ náà o, kò sí àfojúdi kankan níbẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ ni, kó lè sọ èyí tó máa tẹ́ tíṣà lọ́rùn. Àǹtí Kékeré ní kó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu pátákó tí kò sí ohun kankan lára rẹ̀.

Bí ilé-ìwé ti jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ilé ọlọ́sìn adìẹ ló gbà lọ. Oòrùn mú débi pé òrùlé páànù ń ró. Ọmọ náà ti bá ìyá rẹ̀ jáde, bàbá nìkan ló wà nílé, ó ń wọ́n omi sílẹ̀ nínú ilé adìẹ. Bó ṣe rí tíṣà, ó ju kẹ́tùlù tó fi ń wọ́nmi sílẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ó tún ti yájú sí yín ni? Mo ti bá a wí, mà. Mo ní ohun tí tíṣà bá fẹ́ gbọ́ ni kó máa sọ."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Èmi ni, mà," ọkùnrin náà dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn sí ara rẹ̀.

Àǹtí Kékeré wo àwọn adìẹ. Gbogbo wọn ló ya ẹnu sílẹ̀, wọ́n na apá kúrò lára díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé adìẹ máa ń làágùn?"

Ọlọ́sìn adìẹ họ orí. "Ẹ̀yin náà sọ pé ó ń làágùn, mà."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Kí lẹ̀yin mọ̀?"

"Ṣẹ́ ẹ rí i, mà..." Ó wolẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ṣe. "Kì í làágùn. Ẹnu tí wọ́n yà yẹn ni wọ́n fi ń lé ooru. Lọ́dún tó kọjá, ogójì ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Ká ní wọ́n lè làágùn ni, bóyá ara wọn ì bá tù. Ṣùgbọ́n ta lèmi tí màá bá tíṣà jiyàn? Adìẹ nìkan ni mo mọ̀."

Àǹtí Kékeré ní kó mú ọ̀kan wá. Ọlọ́sìn di adìẹ náà mú, ó gbé apá rẹ̀ sókè, tíṣà sì ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìyẹ́. Ó gbóná. Ó gbẹ. Ó mú aṣọ ìnujú funfun rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ apá náà, ó ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Nígbà tó fà á yọ, kò sí ọ̀rinrin kankan lára rẹ̀, àfi ìyẹ́ kékeré kan. Aṣọ náà ló fi nu ojú ara rẹ̀, ó sì rin gbindin.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn. Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Òun nìkan ló fi ọwọ́ méjèèjì fọ aṣọ onílé káàkiri títí ọmọ mẹ́rin fi jáde ìwé. Bí Àǹtí Kékeré, tó kéré lóòótọ́ nígbà náà, bá bi í pé, "Màámi, ṣé kò rẹ̀ yín?" obìnrin náà á fún aṣọ, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Adìẹ ń làágùn, ọmọ mi, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀." Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ tó máa lọ gbé apá adìẹ sókè? Láti kékeré ló ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni adìẹ rí, ó sì ń ṣàánú wọn. Ó wá dúró láàárín ilé adìẹ báyìí, ó ń ronú pé ìyá òun kò parọ́ o. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ, òun ni òun lọ gbà á gbọ́ lórí adìẹ. Ó dùn ún, ó sì tì í lójú, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ní ọjọ́rú, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé. Ọjọ́ Ẹtì ni atẹ̀wé ń retí ìwé.

"Àǹtí, òwe lásán ni," ọ̀gá ní. "Ta ló máa lọ gbé apá adìẹ sókè?"

"Ẹnìkan ti gbé e."

"Ó dáa, ẹ fa ìlà yẹn nù kí ìwé máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún àwọn ọmọ. Ọmọ ọdún márùn-ún tẹ́ ẹ bá sọ fún pé ẹ ṣì í kọ́, lọ́la á ní a, b, d náà kì í ṣe òótọ́. Wọn ò tíì tó ẹni tó ń dá òótọ́ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọkàn tán wa ná."

Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ kọ́ lọ̀gá sọ, èmi náà ò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìlà kan péré ni. Bí Àǹtí Kékeré bá fà á nù ní jẹ́jẹ́, ìwé á jáde, orúkọ rẹ̀ á wà níwájú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀, àfi ọmọ kan tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo òru kọ́ ló fi rò ó. Nígbà tó ń fọ abọ́ oúnjẹ alẹ́ ló ti mọ̀ pé bí òun bá fa ìlà náà nù, tí òun ò sì sọ̀rọ̀, ọmọ yẹn á máa wo ojú ènìyàn títí ayé kó tó ka ẹsẹ̀ adìẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé àgbébọ̀ kan wọ kíláàsì nínú agbọ̀n. Ọlọ́sìn ló yá a. Ó gbé e lé orí tábìlì, ó ní kí àwọn ọmọ sún mọ́ ọn.

"Mo sọ nǹkan kan fún yín nípa adìẹ," ó ní. "Mi ò wò ó kí n tó sọ ọ́. Kì í ṣe òótọ́. Adìẹ kì í làágùn."

Ọ̀kan nínú wọn wá ní, "Ṣé irọ́ lẹ pa fún wa ni, mà?"

"Òwe ni mo pa fún yín. Wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, àṣé mo gun ẹṣin náà kọjá ibi tó yẹ. Ènìyàn ni òwe yẹn ń bá wí. Ìyá mi ló ń làágùn, kì í ṣe adìẹ."

"Ṣé ìyá yín ní ìyẹ́ ni, mà?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Àǹtí Kékeré rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló mú un wá. Ó pe ọmọ ọlọ́sìn jáde. Ó ní, "Ìwọ lo sọ òótọ́ níjọ́sí, mo sì mú ẹ kọjú sí ògiri. Má bínú. Gbé apá rẹ̀ sókè, kó o sọ fún wa bó ṣe rí."

Ọmọ náà gbé apá adìẹ sókè bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wo ojú Àǹtí Kékeré, ó tẹjú mọ́ ọn. Àǹtí Kékeré rẹ́rìn-ín kó lè fi í lọ́kàn balẹ̀, ọmọ náà wo ẹ̀rín náà. Tíṣà mú ojú le díẹ̀, ọmọ náà wo ìyẹn pẹ̀lú. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tíṣà rí i pé níwọ̀n ìgbà tí ojú òun bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọ yìí á ti máa wá ọ̀rọ̀.

Ó yí padà. Ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo kíláàsì, ó kọjú sí pátákó. Ó ní, "Mi ò rí yín mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi."

Ó gbọ́ bí ìyẹ́ ṣe ń ró.

"Ó gbẹ," ohùn kékeré kan sọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tó tún ní, "Ó gbóná. Ọkàn rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Ara abẹ́ apá rẹ̀ pupa díẹ̀. Kò sí ìyẹ́ níbí yìí, Àǹtí, awọ lásán ni!"

Àǹtí Kékeré di etí pátákó mú. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó.

"Àǹtí?"

"Mo ń gbọ́."

"Àwọn tó kù nínú ìwé yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti wò wọ́n?"

Lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n, ni ìwé náà wà, tí orúkọ rẹ̀ kọjú sókè, tí atẹ̀wé ń retí lọ́la. Ọgbọ̀n ojú ìwé. Ó fẹ́ yíjú padà kó sọ ohun kan tó máa parí ọ̀rọ̀ náà ní pẹ̀lẹ́tù, irú èyí tí àgbà máa ń sọ, tí ọmọdé á sì lọ jókòó. Kò yíjú padà.

"Rárá," ó ní. "Mi ò tíì wò wọ́n. Mú un lórí tábìlì, kó o máa bi mí."

Ó gbọ́ bí ọmọ náà ṣe fa àga, tó sì ṣí ìwé. Ojú ìwé kìíní ló ti bẹ̀rẹ̀.